Báwo ni wọ́n ṣe ń gbá soft tennis ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní Asian Games, ta ló sì gbà á ní 2018?

Jàpáànù ló gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù ní 2018, ní Palembang, Indonéṣíà. Kòríà Gúúsù ni wọ́n nà ní àṣekágbá.

Bí orílẹ̀-èdè méjì bá pàdé, eré mẹ́ta ló wà nílẹ̀: eléèyàn méjì-méjì, ẹlẹ́nì kan-kan, lẹ́yìn náà eléèyàn méjì-méjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹgbẹ́ tó bá mú méjì nínú mẹ́ta ló yege.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá gan-an ló mú kí soft tennis yàtọ̀ sí tẹ́níìsì. Rọ́bà lásán ni, kò ní irun lára bíi ti tẹ́níìsì, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju gíráàmù 30 sí 31 lọ. Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á jù ú sílẹ̀ láti mítà kan àbọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ta padà dé sẹ̀ǹtímítà 70 sí 80. Bí ràkẹ́ẹ̀tì bá gbá a, ńṣe ló máa ń tẹ̀ pẹrẹsẹ, á wá máa yí kọ́rọkọ̀rọ lójú afẹ́fẹ́. Ẹni tó mọ tẹ́níìsì dáadáa ṣì lè gbá òfo!

Ọdún 1994, ní Hiroshima, ni eré yìí wọ Asian Games gẹ́gẹ́ bí eré àmì-ẹ̀yẹ. Kòríà Gúúsù ló ń fi í ṣe bó ṣe wù wọ́n tẹ́lẹ̀: gbogbo góòlù méjèèje ni wọ́n kó ní Busan ní 2002, wọ́n tún kó gbogbo rẹ̀ ní Incheon ní 2014. Jàpáànù tó dá eré náà sílẹ̀ sì ń wò wọ́n. Ẹ má wulẹ̀ wá a ní Olympics o, kò sí níbẹ̀.