Má fi iye póìǹtì díwọ̀n gáàdì

O béèrè pé ṣé kò yẹ kí Raptors, ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì NBA ti Toronto, gbé gáàdì wọn, Immanuel Quickley, lọ, kí wọ́n fi gba ojúlówó pọ́ìǹtì gáàdì, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá tó sì ń pín in fún àwọn yòókù. O tún fi kún un pé orí ire lásán ni Masai Ujiri, ọ̀gá tó ń darí ikọ̀ náà nígbà yẹn, fi gba ife ẹ̀yẹ NBA ní 2019, pé kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Àbúrò, ọ̀rọ̀ orí ire yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, torí èmi náà sọ ọ́ rí. Mo sọ ọ́ sókè, láàárín èrò, mo tún fowó tì í lẹ́yìn.

Gáàdì ni mí kí n tó di ẹni tó ń to páálí nílé ìkẹ́rùsí. Ìbàdàn ni mo ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì, lórí kọ́ọ̀tù oníṣìmẹ́ǹtì kan tí àwọ̀n rẹ̀ ti já dànù, tó wá ku irin róbótó nìkan. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, àríyànjiyàn ló máa ń dá sílẹ̀, torí kò sí àwọ̀n tó máa mì. Mi ò ga, mi ò sì lè fò. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àárín, kí n mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ náà, kí n sì mọ ẹni tó ń bínú pé bọ́ọ̀lù ò kan òun. Ẹni tó ń bínú yẹn gan-an ni kó o máa ṣọ́. Bí o ò bá tètè wá bọ́ọ̀lù kan tó rọrùn fún un lábẹ́ irin, kò ní sáré padà wá dífẹ́ǹdì mọ́. Wàá kàn rí i tó ń rìn bọ̀ bí ẹni tó ń lọ kí àna.

Ní sáà kan, ikọ̀ tí mò ń gbá fún (mi ò ní dárúkọ wọn) rí ọmọkùnrin kan tó máa ń ju ọgbọ̀n póìǹtì. Wọ́n mú un wọlé, wọ́n ní kí n lọ jókòó. Alága ṣí ìwé wò, ó ní póìǹtì mẹ́rin-mẹ́rin ni mò ń mú wá, kí ni wọ́n fẹ́ fi mẹ́rin ṣe? Lóòótọ́ ni ọmọkùnrin náà ń ju ọgbọ̀n. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún léra wọn ni wọ́n nà wá. Agbábọ́ọ̀lù wa tó ga jù, tí mo ti mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló fẹ́ràn láti máa gba páàsì, kò rí bọ́ọ̀lù gbà mọ́. Kò pé oṣù méjì tó fi ní òun ò wá mọ́, òun fẹ́ lọ ran ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ fọkanáísà. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́.

Wàá rò pé ẹni tójú ẹ̀ rí irú ìyẹn á ti gbọ́n. Mi ò gbọ́n.

Ọdún kan náà, 2012, ni èmi àti Kyle Lowry, tó di pọ́ìǹtì gáàdì Raptors, dé Toronto, òun láti Houston, èmi láti Ìbàdàn. Nígbà tí Masai dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, inú wa dùn pé ọmọ tó dàgbà ní Zaria ló wá ń darí ikọ̀ NBA. Kò tíì ṣe sáà kan tán tó fi gbé Rudy Gay lọ sí Sacramento ní December 2013. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ajùbọ́ọ̀lù wa ni Gay nígbà náà. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, Greivis Vásquez, Patrick Patterson, John Salmons àti Chuck Hayes, kò sí ìràwọ̀ kankan nínú wọn. Mo pariwo títí níbi iṣẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ mi ti ta sáà wa danù.

Ìdíje 48 ni wọ́n jáwé olúborí nínú rẹ̀ lọ́dún yẹn. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ikọ̀ náà títí di ìgbà yẹn. Ohun tí mi ò rí ni pé tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ Gay, ó ti dúró nìyẹn. Á máa lù ú mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, pó, pó, pó, àwọn mẹ́rin yòókù á sì máa wò ó bí ẹni wo eégún. Ìgbà tó lọ ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, Lowry ló sì ń mú un rìn. Ìròyìn tó gbà ìgboro nígbà náà ni pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé Lowry fúnra rẹ̀ fún New York Knicks lóṣù kan náà, àwọn ará New York ló fà sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbà ni, kí là bá máa sọ lónìí?

Ọ̀nà ò dán lẹ́yìn ìyẹn o. Ní May 2014, Brooklyn fi póìǹtì kan ṣoṣo lé wọn sílé, 104 sí 103, Paul Pierce ló sì fọwọ́ dá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tí Lowry jù dúró. Cleveland nà wọ́n ní 2016, ó nà wọ́n ní 2017, ó nà wọ́n ní 2018, wọn ò sì rí ẹyọ kan mú nínú méjì tó gbẹ̀yìn. Gbogbo ìlú wá ń sọ pé Lowry máa ń gbọ̀n tó bá di playoffs, ìyẹn ìdíje àṣekágbá sáà, kí wọ́n tà á. Èmi náà sọ ọ́. Èmi, gáàdì tí wọ́n lé nítorí póìǹtì mẹ́rin!

Ìgbà tó wá di July 18, 2018, DeMar DeRozan ni Masai gbé lọ sí San Antonio, pẹ̀lú Jakob Poeltl àti ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ tuntun kan, ó sì fi gba Kawhi Leonard àti Danny Green. Ó dùn mí wọra. DeRozan ló ju póìǹtì jù nínú ìtàn ikọ̀ náà. Nígbà tí ọ̀nà ṣí fún un láti lọ ní 2016, ó ní Toronto lòun máa wà, ó tún tọwọ́ bọ̀wé. Kawhi ńkọ́? Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ìdíje mẹ́sàn-án péré ló gbá ní sáà tó kọjá, ọdún kan péré ló sì dájú pé ó kù lórí ìwé rẹ̀. Jẹ́ẹ̀sì nọ́ńbà 10 tí mo fi owó ṣíìfù ọ̀gànjọ́ rà, mo tà á ní ogún dọ́là níbi ìgbọ́kọ̀sí. Mo tún bá ará Ghana kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ọgọ́rùn-ún dọ́là ta á pé Kawhi ò ní gbé wọn kọjá ibi tí DeRozan gbé wọn dé.

Ìdíje àkọ́kọ́ nínú playoffs, pẹ̀lú Orlando, April 2019, orí fóònù ará Ghana yìí la ti wò ó, lásìkò ìsinmi. A jókòó sórí páálí, oúnjẹ wa wà lórí itan. Lowry ò ní póìǹtì kankan. Ẹ̀ẹ̀meje ló jù ú, kò wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, D.J. Augustin ti Orlando ju tíríì kan, bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn tó ń mú póìǹtì mẹ́ta wá, ó wọlé, Orlando gbà á pẹ̀lú 104 sí 101. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo ní kó máa kó owó mi jọ. Kò dáhùn. Ó kàn fi ìka tẹ ojú fóònù, ó fi nọ́ńbà kan hàn mí ní ìparí ìlà tí orúkọ Lowry wà: +11. Ó ní, ìyẹn ni pé ní gbogbo àsìkò tí Lowry wà lórí pápá, Toronto fi póìǹtì mọ́kànlá ju Orlando lọ. Ìgbà tó jókòó ni nǹkan bàjẹ́. Ó tún fi páàsì mẹ́jọ hàn mí tó fún àwọn ẹlòmíràn, tí wọ́n jù wọlé.

Odo póìǹtì, tó sì jẹ́ pé òun ló ṣe ikọ̀ náà lóore jù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo gbé fóònù náà dání títí bíréèkì fi parí, oúnjẹ mi tutù. Alága yẹn àti ìwé rẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo Lowry nígbà tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Òmìrán kan á máa sáré bọ̀, òun tí kò ga á lọ dúró sí ojú ọ̀nà, á kẹ́sẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, á jẹ́ kí onítọ̀hún gbá òun lulẹ̀, rẹfirí á fọn fèrè, bọ́ọ̀lù á di ti Toronto. Tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù, kò ní wòkè. Ìdí ló máa fi ti ẹni tó ga jù kúrò lábẹ́ irin kí Marc Gasol, òmìrán tiwa, lè gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọn ò kọ ìyẹn sínú ìwé kankan tí alága máa kà. Ní June 13, ní Oakland, ìdíje kẹfà pẹ̀lú Golden State, níbi tí wọ́n ti gba ife ẹ̀yẹ, póìǹtì mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí Toronto ní, Lowry nìkan ló jù ú. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú 26 àti páàsì mẹ́wàá. Fred VanVleet, gáàdì wa kejì, tí ikọ̀ kankan ò mú nínú dráàfù 2016, níbi tí àwọn ikọ̀ ti ń yan ọmọ tuntun, ju 22, méjìlá nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní ìdá kẹrin.

Torí náà, bẹ́ẹ̀ ni, orí ire wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù Kawhi tó ta lórí irin ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó wọlé mọ́ Philadelphia lọ́wọ́, orí ire ni. Àmọ́ wo ẹni tí Masai tà àti ẹni tí kò tà. Ìlú ń pariwo pé kó ta gáàdì, ajùbọ́ọ̀lù ló tà. Mo san ọgọ́rùn-ún dọ́là mi, ará Ghana yẹn fi ra àṣaró fún gbogbo wa lọ́wọ́ ìyá Ìjẹ̀bú kan.

Ó wá ku Quickley. Rántí bó ṣe dé. Ní ọdún 2023, VanVleet lọ sí Houston fúnra rẹ̀, Toronto ò rí kọ́bọ̀ gbà dípò rẹ̀. Kò sí pàṣípààrọ̀ tó burú tó ìyẹn. Ebi gáàdì ń pa wọ́n nígbà tí wọ́n gbé OG Anunoby, Precious Achiuwa àti Malachi Flynn fún New York ní December 30 ọdún yẹn, tí wọ́n fi gba Quickley àti RJ Barrett. Orí bẹ́ǹṣì ni Quickley ti máa ń wọlé ní New York, ó sì ṣe ipò kejì nínú ìdíbò fún ẹni tó dára jù lára àwọn tó ń ti orí bẹ́ǹṣì wọlé ní 2023. Ajùbọ́ọ̀lù ni. Ó lè jù ú láti ọ̀nà jíjìn, tó bá sì wọ àárín àwọn òmìrán, á dúró lójijì, á rọra sọ ọ́ gba orí wọn kọjá. Tó o bá ní kó máa ṣe Lowry, o ń wá ẹyin lábẹ́ àgbò ni.

Ṣé ó yẹ kí o wá ẹyin náà níbòmíràn? Wo owó rẹ̀ ná. Ọdún márùn-ún ló tọwọ́ bọ̀ ní 2024, ó lé ní 160 mílíọ̀nù dọ́là. Òfin líìgì ò jẹ́ kí ikọ̀ tí owó oṣù rẹ̀ ti pọ̀ kàn gba ẹrù báyẹn sọ́rùn láì gbé ẹni tí owó rẹ̀ fara pẹ́ ẹ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni yẹn ni wàá gbà padà. Nítorí náà, má sọ fún mi pé "ẹ tà á" láì dárúkọ ẹni tó ń bọ̀. Ìdíje 33 péré ló gbá nínú 82 ní sáà 2024-25 nítorí ìfarapa, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe páàsì.

Scottie Barnes, ẹlẹgbẹ́ Quickley ní Raptors, lè gbé bọ́ọ̀lù kọjá àárín, ó ga, ó sì máa ń rí ẹni tó dá dúró. Ẹni tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú rẹ̀ ni gáàdì tí wọn ò lè fi sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Quickley nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ ta ẹnì kan, àwọn tí bọ́ọ̀lù máa ń kú sí lọ́wọ́ ni màá kọ́kọ́ wò. Ní February 2025, wọ́n tún lọ gbé Brandon Ingram, ajùbọ́ọ̀lù mìíràn, wá bá Barrett. Àwọn méjèèjì ló mọ bọ́ọ̀lù ú gbá, àmọ́ tí mo bá rí ọ̀kan tó ń lù ú mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, pó, pó, pó, ara mi máa ń bù máṣọ.

Lọ wo ìdá àkọ́kọ́ ìdíje kan, má wo bọ́ọ̀lù rárá. Wo Quickley nìkan. Ka iye ìgbà tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ fẹ́ lọ ran ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ lórí Barnes tí kò lè lọ. Lẹ́yìn náà kó o wá sọ fún mi pé kí wọ́n tà á.

Ará Ghana yẹn ṣì wà o. Mo ka ìbéèrè rẹ sí i létí lánàá, ó ní òun wà lẹ́yìn rẹ, kí wọ́n tà á kíá. Ó ní ṣé ká fowó lé e. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú.