Ọjọ́ méje ní Salvador àti Cachoeira: bí ẹ ṣe lè pín in

Ohun mẹ́ta lẹ béèrè: ṣé ọjọ́ méje kò pọ̀ jù fún Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ṣé èèyàn lè lọ sí Cachoeira, ìlú kékeré tó jìnnà tó wákàtí méjì, kó sì padà lọ́jọ́ kan náà, àti ṣé wọ́n á gbọ́ Yorùbá yín níbẹ̀. Ọjọ́ méje kò pọ̀. Cachoeira ṣeé lọ ṣeé bọ̀ lóòjọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọn kò ní gbọ́ Yorùbá yín, ìyẹn ni mo sì máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ń ba ìrìnàjò ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ níbẹ̀.

Yorùbá tó wà ní Bahia jẹ́ èdè orin, èdè àdúrà àti èdè orúkọ. Wọn kì í fi ná ọjà. Ẹ ó gbọ́ iaô, ẹ ó mọ̀ pé ìyàwó ni. Ẹ ó gbọ́ axé, xirê àti adjá, ẹ ó mọ̀ pé àṣẹ, ṣiré àti ààjà ni. Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ ti sọnù láàárín àwọn ìran tó ń sọ Potogí, ìtumọ̀ àwọn kan sì ti yà bàrá. Bí orin kan bá dún létí yín bí ẹni pé wọ́n ti pa á dà, ẹ má tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni. Bí àgbà ṣe kọ ọ́ fún wọn ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tó bá wọlé bí olùkọ́, wọ́n á rọra yẹra fún un. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ tó fetí sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ló máa bi í pé báwo lẹ ṣe ń pe èyí nílé. Fún ìgboro, Potogí ni. Gẹ̀ẹ́sì kò gbé yín débi kan lọ́wọ́ onímọ́tò tàbí ìyá ọlọ́jà, nítorí náà ẹ gba Potogí sórí Google Translate kí ẹ tó kúrò nílé, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìlú òkè àti ìlú ìsàlẹ̀ ni Salvador. Elevador Lacerda, ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ṣí ní 1873, ló so méjèèjì pọ̀. Ó ga ní mítà 72, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ máa lò ó. Àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè náà sọ̀ kalẹ̀, pàápàá Ladeira da Montanha, kì í ṣe ibi tí àlejò ń fẹsẹ̀ rìn, ọ̀sán ì báà jẹ́. Ìlú ìsàlẹ̀ ní àyíká Mercado Modelo, ọjà iṣẹ́ ọnà, máa ń dá páropáro lẹ́yìn iṣẹ́, ó sì máa ń dá gan-an ní ọ̀sán Sunday. Ibùgbé tí mo máa ń dá lábàá ni Santo Antônio Além do Carmo: ó dákẹ́, èèyàn sì lè fẹsẹ̀ rìn dé Pelourinho, àárín gbùngbùn ìlú àtijọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ pe Uber padà, bó ti wù kí ọ̀nà náà kúrú tó. Fóònù inú àpò ni, kì í ṣe ti ọwọ́. Bí ẹ bá fẹ́ wo máàpù, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan kí ẹ tó yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bá yín pín ìrìn náà, torí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òrìṣà tirẹ̀ ní Bahia. Monday ni ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń tì, ọjọ́ náà ló sì yẹ kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì São Lázaro ní Federação, níbi tí wọ́n ti ń da gúgúrú sára àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà nítorí Omolu, ẹni tí àwa mọ̀ sí Ọbalúayé. Tuesday, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ wà ní Nossa Senhora do Rosário dos Pretos ní Pelourinho, ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù tí ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ìlù tí wọ́n ń lù sí Máàsì ibẹ̀ jọ ti ilé òrìṣà. Ẹ dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó dúró. Friday jẹ́ ti Oxalá, Òrìṣàálá wa. Aṣọ funfun ni gbogbo ìlú ń wọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim ni wọ́n sì ń lọ. Ẹ wọ funfun. Wọ́n á ta ribọ́n Bonfim fún yín níbẹ̀, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 47, ìwọ̀n apá ọ̀tún ère Jésù tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ẹ̀bùn ni ẹni tó bá sáré so ó mọ́ yín lọ́wọ́ máa pè é, owó ni yóò sì béèrè lẹ́yìn náà. Ẹ ká ọwọ́ yín mọ́ra kí ó tó so ó.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ni mi ò ní fẹ́ kí ẹ fò: MAFRO (Museu Afro-Brasileiro), ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àtijọ́ ní gbàgede Terreiro de Jesus. Oníṣẹ́ ọnà Carybé gbẹ́ àwọn òrìṣà sára pákó kédárì 27 tó wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju èèyàn lọ. Ẹ sún mọ́ wọn dáadáa. Ó kan owó ẹyọ àti irin mọ́ ara igi náà, ẹranko tí òrìṣà kọ̀ọ̀kan ń gbà sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa dá Ọ̀ṣọ́ọ̀sì mọ̀ nípa ọrun àti ọfà rẹ̀ kí ẹ tó ka orúkọ. Wákàtí kan gbáko ló yẹ ẹ́. Ìrìn díẹ̀ sí ibẹ̀ ni Ladeira da Praça, níbi tí ogun àwọn Malê, ìyẹn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú, ti bẹ̀rẹ̀ ní January 1835. Malê yẹn ni ìmàle. Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn, lẹ́yìn ogun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn padà sí Èkó àti etíkun Benin, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà.

Oúnjẹ. Acarajé ni àkàrà, ẹ̀wà fradinho tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ẹ dúró ti ìyá tó ń dín in, kí ẹ sì wo bó ṣe ń fi igi lu ẹ̀wà náà títí yóò fi wú, tó sì ń ju odindi àlùbọ́sà kan sínú epo kí epo má baà jó. Epo pupa ni, kì í ṣe òróró. Ó tóbi ju àkàrà wa lọ, ìyá náà sì ń la á sí méjì, ó ń fi vatapá, caruru àti edé gbígbẹ kún inú rẹ̀. Caruru jẹ́ ilá, edé àti ẹ̀pà sì máa ń wà nínú òun náà. Vatapá ní ẹ̀pà, kaṣú, edé àti omi àgbọn, nítorí náà kí ẹni tí ẹ̀pà tàbí edé ń bá jà sọ fún un pé kó má fi wọ́n sí i. Bó bá béèrè pé «quente?», ata ló ń sọ, kì í ṣe gbígbóná. Abará ni ẹ̀wà kan náà tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n tí wọ́n sì sè, ọ̀lẹ̀lẹ̀ gan-an. Acaçá ni ẹ̀kọ. Iṣẹ́ àwọn ìyá aláàkàrà yìí ti di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè Brazil láti 2005.

Ọjà São Joaquim, nítòsí ibùdókọ̀ ojú omi, dára ju Mercado Modelo lọ fún ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, bàtà tí omi kò bà jẹ́ ni kí ẹ wọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi «da Costa» kún orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ wa ló ti wá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀: sabão da Costa ni ọṣẹ dúdú, pimenta da Costa ni ataare, limo da Costa ni òrí, pano da Costa ni aṣọ òfì. Obì àti orógbó ṣì ń gba òkun kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wọ́n. Owó reẹ́sì (owó Brazil) kékeré ni kí ẹ mú lọ. Pix, ìyẹn fífi fóònù sanwó láti báńkì lójú ẹsẹ̀, ni gbogbo ọlọ́jà ń fẹ́, àlejò tí kò ní àkáǹtì báńkì ní Brazil kì í sì í sábà lè lò ó.

Ní ti ilé òrìṣà, ìyẹn terreiro: àwọn mẹ́ta tó gbajúmọ̀ jù nínú ìdílé Ketu ni Casa Branca do Engenho Velho (Ilê Axé Iyá Nassô Oká), Gantois, àti Ilê Axé Opô Afonjá tí Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní 1910. Ọdún tó ṣí fún gbogbo èèyàn wà, òmíràn wà tí kò ṣí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní ìbátan pẹ̀lú ilé náà, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Pelourinho, torí ọdún gidi kì í ní tíkẹ́ẹ̀tì. Aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má wọ dúdú. Obìnrin lápá kan, ọkùnrin lápá kejì. Ẹ má gba iwájú ìlù kọjá. Ẹ má ya fọ́tò, kódà ẹ pa fóònù. Alẹ́ ni, ó sì lè pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì ti mọ ọkọ̀ tí yóò gbé yín padà. Erékùṣù Itaparica ní ilé Egúngún, Ilê Agboulá, òun náà kì í ṣí fún ẹni tí kò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá kàn fẹ́ rí erékùṣù náà, ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń lọ sí Mar Grande yá jù, ṣùgbọ́n nígbà tí omi òkun bá fà sẹ́yìn púpọ̀, wọ́n a dá a dúró. Ẹ wo wákàtí ìfàsẹ́yìn omi kí ẹ tó jáde, tàbí kí ẹ gba ọkọ̀ ńlá São Joaquim lọ sí Bom Despacho.

Ó wá ku Cachoeira, létí odò Paraguaçu. Bọ́ọ̀sì ń lọ láti ibùdó ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn, ó ń yà ní Santo Amaro, ó sì ń gbà tó wákàtí méjì. Ibùdó tuntun wà ní Águas Claras, nítorí náà ẹ ka orúkọ ibùdó tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa kí ẹ tó wọ métro. Ìkànnì tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lè béèrè CPF, nọ́ńbà ọmọ onílẹ̀. Bó bá kọ pásípọ́ọ̀tù yín, ẹ lọ rà á ní ojú fèrèsé. Ẹ má lọ ní ìrọ̀lẹ́ Friday, ọ̀nà BR-324 máa ń dí pa.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ sùn níbẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá lọ tó sì bọ̀ á lo wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀, á dé nígbà tí oòrùn bá mú jù tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn sì ti tì fún oúnjẹ ọ̀sán, á sì padà kí afẹ́fẹ́ odò tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ìrọ̀lẹ́ àti òwúrọ̀ ni ìlú náà. Ní òwúrọ̀, ẹ fẹsẹ̀ gba afárá irin Dom Pedro II, tí wọ́n ṣí ní 1885, kọjá sí São Félix. Ọkọ̀ ojú irin, mọ́tò àti ẹlẹ́sẹ̀ ló jọ ń lò ó. Apá kan ni mọ́tò ń gbà lẹ́ẹ̀kan, tí apá kejì á dúró. Pákó abẹ́ rẹ̀ á máa ró gbàgàgbàgà bí ọkọ̀ bá ń kọjá. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi ẹlẹ́sẹ̀. Ní apá kejì, ẹ wo àwọn obìnrin tó ń fi ọwọ́ wé sìgá ní ilé Dannemann. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ.

Ẹ jẹ maniçoba níbẹ̀: ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ sè kí májèlé inú rẹ̀ lè kú, kí wọ́n tó da ẹran oníyọ̀ àti ẹran yíyan sí i. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ pé òwúrọ̀ yìí lòun gbé e kaná. Ẹ bù gaàrí lé e bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Bí ẹ bá lè yan oṣù, ẹ yan August. Ẹgbẹ́ Boa Morte, ẹgbẹ́ àwọn àgbà obìnrin aláwọ̀ dúdú, ń ṣe ọdún wọn láti 13 sí 15. Ìborùn wọn dúdú lápá kan, ó pupa lápá kejì. Ọjọ́ 15 ni wọ́n ń yí pupa síta. Ẹ gba yàrá ní oṣù púpọ̀ ṣáájú. Bí Cachoeira bá ti kún, ẹ wá a ní São Félix, ẹsẹ̀ lẹ ó fi gba afárá padà. Láti April sí July ni òjò pọ̀ jù ní Salvador.

Iná Salvador jẹ́ fólítì 127, ihò pulọ́ọ̀gì wọn sì jẹ́ roboto mẹ́ta. Ṣájà fóònù kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tí ẹ gbé láti ilé kò ní gbóná tó, nítorí náà ẹ yá ti ibi tí ẹ bá dé sí fún aṣọ funfun Friday yẹn.