Ṣé kí n ra aṣọ Ẹ̀bólà fún ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Anti Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù aládàáni kan níbí ní Ìbàdàn. Látìgbà Kòfíìdì lọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ti ń já mi láyà, ọdún kan ò sì lè kọjá ká má gbọ́ pé Lásà tún ti dé. Ẹnì kan lórí WhatsApp ń ta aṣọ funfun tó bo èèyàn látorí dé ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ páálí kan, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ wákàtí méjì lórí fóònù tí wọ́n á fún un ní satífíkéètì, gbogbo ẹ̀ ₦45,000. Ó ní kí wọ́n máa wọ ìbọ̀wọ́ mẹ́ta lé ara wọn, kí wọ́n má bọ́ ọ títí wọ́n á fi ṣíwọ́, tí wọ́n bá ti fẹ́ wọlé kí wọ́n fi omi jíìkì fín ara wọn. Ṣé kí n rà á fún un? Ìyá Nọ́ọ̀sì.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ má rà á. Ẹni tó bá ń kánjú lè ti ibẹ̀ yẹn padà. Ṣùgbọ́n irú ìbéèrè yìí ti wọ fóònù mi tó ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín oṣù méjì, ìbọ̀wọ́ mẹ́ta, ìbọ̀wọ́ mẹ́ta ṣáá ni gbogbo wọn ń sọ, ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní nǹkan tó lè pa wọ́n, tó tún ń gbowó lé e. Inú ń bí mi, ìyẹn ló ṣe máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Aṣọ lẹ̀ ń bèèrè mà, aṣọ kọ́ nìṣòro. Tí èèyàn bá wọ̀ ọ́ tán tó dúró níwájú aláìsàn, kòkòrò wà níta lára aṣọ, òun wà nínú, wọn ò tíì pàdé. Ìgbà tó bá ń bọ́ ọ ni wọ́n máa ń pàdé. Ó ti rẹ̀ ẹ́, òógùn ti wọ̀ ọ́ lójú, imú ń yún un, ó fẹ́ yáa lọ mu omi, ọwọ́ tó fi nu èébì lẹ́ẹ̀kan ló fẹ́ fi yọ awò lójú. Ibẹ̀ gan-an ni.

Lọ́dún 2014 tí Ẹ̀bólà ń jà ní Láìbéríà, Sàró àti Guinea, wọ́n gbé àlùfáà ìjọ Àgùdà kan tó ti kó o wá sí Madrid ní Sípéènì. Ọsibítù ńlá o, owó wà, aṣọ pé. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan tó wà lára àwọn tó tọ́jú aláìsàn kó o. Nígbà tí wọ́n bi í bó ṣe jẹ́, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìbọ̀wọ́ ló kan òun lójú níbi tóun ti ń bọ́ aṣọ. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ó yè é. Oṣù kan náà ni nọ́ọ̀sì méjì kó o ní Dallas ní Amẹ́ríkà, àwọn náà yè. Ṣé àwọn yẹn ò rí aṣọ wọ̀ ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa ń kọ́ wọn. Epo pupa ni mo máa ń rà, ìgò kékeré. Mo á ní kí wọ́n wọ aṣọ, ìbòmú, awò, ìbọ̀wọ́, gbogbo ẹ̀ pátá, mo á wá da epo ṣíbí kan sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á fi ra ìbọ̀wọ́ náà bí ìgbà téèyàn ń fi ìpara. Epo yẹn lẹ̀jẹ̀, òun lèébì. Ó yá, ẹ bọ́ ọ. Màtírọ́ọ̀nù kan wà níbi tí mo ti kọ́ wọn lọ́jọ́ kan, ó ti lo ọdún méjìlélógún lẹ́nu iṣẹ́, òun ló kọ́kọ́ jáde. Ó bọ́ ọ wéré bí ẹni ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, ó ti ṣe tán, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Mo gbé dígí fún un. Epo wà létí ọ̀tún níbi tí okùn ìbòmú gbà, ó wà lọ́rùn ọwọ́ yípo bí ẹ̀gbà, ó sì kán tótó kan sí ìsàlẹ̀ ojú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó, ó ń wo dígí yẹn, lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ bù ú fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i." Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló tó bọ́ ọ tí ò sí epo kankan lára ẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà yẹn mo padà lọ síbẹ̀, mo tún da epo, ó tó ìdajì wọn tí epo tún wà lójú wọn. Ọwọ́ máa ń gbàgbé. Ẹ wá sọ fún mi, satífíkéètì orí fóònù wákàtí méjì, ta ló da epo sí i lọ́wọ́ níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìbọ̀wọ́ mẹ́ta tó ń gbé mi gbóná. Ìbọ̀wọ́ kì í ṣe àbùradà tí wọ́n á máa fi lé ara wọn. Tó bá ti di mẹ́ta, ọwọ́ ò mọ nǹkan mọ́, èèyàn ò ní rí iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wá dáadáa, abẹ́rẹ́ á yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, abẹ́rẹ́ tó sì ti wọ ara aláìsàn Lásà tó wá gún nọ́ọ̀sì, ìbọ̀wọ́ mẹ́wàá ò ní dá a dúró. Méjì wà o, mi ò purọ́, àwọn àrùn kan bí Ẹ̀bólà wà tí wọ́n máa ń ní kí wọ́n wọ méjì, tòde ni wọ́n á máa pààrọ̀ láti ara aláìsàn kan sí òmíì, òfin wà fún un. Ṣùgbọ́n kéèyàn wọ̀ ọ́ láàárọ̀ kó di alẹ́ kó tó bọ́ ọ? Ìbọ̀wọ́ tó kan aláìsàn àkọ́kọ́ náà ló máa kan ìkejì, á kan ìlẹ̀kùn, á kan fóònù, á kan bírò, kòkòrò ló ń gbé káàkiri wọ́ọ̀dù bí ẹni ń pín ìwé ìpè ìnáwó. Òun alára á máa rò pé òun mọ́, nítorí pé ara òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ rántí 2020, àwọn tó ń wọ ìbọ̀wọ́ lọ Bódìjà, wọ́n á fi yẹ tòmátì wò, wọ́n á fi ka owó, wọ́n á tún fi ju gúgúrú sẹ́nu. Ohun tí ọ̀gá WhatsApp yẹn ń tà nìyẹn, ó kàn so satífíkéètì mọ́ ọn ni.

Ìbọ̀wọ́ kan, aláìsàn kan, kó bọ́ ọ dànù, kó fọ ọwọ́. Kó fọ ọwọ́ o, torí ihò tí ojú ò lè rí máa ń wà lára ìbọ̀wọ́. Ọṣẹ àtomi, 40 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá, tàbí sanitáísà tí ọtí inú ẹ̀ tó 60% ó kéré tán, 20 sí 30 ìṣẹ́jú àáyá, kó wọ àárín ìka àti àtàǹpàkò, èyí tí gbogbo yín máa ń gbàgbé.

Aṣọ funfun yẹn náà, ẹ ò ní gbàgbọ́, nígbà Kòfíìdì, WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, fúnra wọn kọ ọ́ pé aṣọ àwọ̀délẹ̀ tàbí ìbọ̀wọ́ méjì kì í ṣe dandan fún títọ́jú aláìsàn Kòfíìdì. Ìbòmú tó lẹ̀ mọ́jú dáadáa, awò ojú, aṣọ tí wọ́n ń dè lẹ́yìn, ìbọ̀wọ́ kan, àti fèrèsé ṣíṣí, ó ti tó. Èyí tí wọ́n ń wọ̀ fún Ẹ̀bólà gbóná débi pé nínú àgọ́ ìtọ́jú lọ́dún 2014, ẹni tó bá ti pẹ́ tó wákàtí kan nínú ẹ̀, wọ́n á ti ní kó jáde. Ẹni tó wá ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ di alẹ́ ní Ìbàdàn láìsí iná, kò wọ̀ ọ́ rí.

Jíìkì, ẹ má jẹ́ kó fín in sára, mà. WHO ti ní kí wọ́n má fín èèyàn pẹ̀lú oògùn apakòkòrò, ó ń jó ojú, ó ń jó ẹ̀dọ̀fóró, kòkòrò tó ti wọ inú ara ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ilẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń fi í fọ̀. Tó bá jẹ́ 3.5% ló wà lára ike, ìwọ̀n jíìkì kan sí omi mẹ́fà, á fún yín ní 0.5%, ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa pò ó, èyí tó bá ti sùn mọ́jú ti kú. Kí wọ́n má sì pò ó mọ́ ásíìdì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láéláé.

Ohun kan tún wà tí aṣọ ò lè ṣe. Àrùn kì í sọ pé òun ń bọ̀. 20 oṣù keje 2014 ni Patrick Sawyer, tó ti kó Ẹ̀bólà, bọ́ sílẹ̀ l'Ékòó láti Láìbéríà, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Ó di ìgbà tí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura, tó da ìbéèrè bò ó, tó sì kọ̀ kó máa lọ bí wọ́n ṣe ń fínná mọ́ ọn tó. Dókítà yẹn náà kó o, ó kú ní 19 oṣù kẹjọ. 20 èèyàn ni Ẹ̀bólà mú ní Nàìjíríà, 8 kú, ká ní ìyẹn ti jáde ni, mi ò mọ iye tí à bá máa kà. Lásà náà, lára nọ́ọ̀sì la ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lọ́dún 1969: nọ́ọ̀sì kan ṣàìsàn nílùú Lásà ní Borno, wọ́n gbé e lọ sí Jọ́s, ó kú, èyí tó tọ́jú ẹ̀ ní Jọ́s náà kú, ẹnì kẹta ni wọ́n gbé lọ New York tó yè é. Bí ibà lásán ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Ọ̀wọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Torí náà, ẹni tó ń gba káàdì lẹ́nu ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, kó mọ̀ pé kí òun bèèrè "níbo lẹ ti ń bọ̀, ta ló ṣàìsàn nílé yín", kó sì mọ yàrá tó máa mú ẹni yẹn lọ láìjẹ́ pé ó jókòó láàárín èrò. Kí wọ́n kọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, kí wọ́n kọ́ awakọ̀. Àwọn yẹn kì í rí satífíkéètì rà lórí WhatsApp.

Iṣẹ́ ọ̀gá ọsibítù ni gbogbo eléyìí, kì í ṣe ti ìyá nọ́ọ̀sì. Kí ọmọ yín bèèrè níbi iṣẹ́ pé ta ni IPC wọn, ìyẹn ẹni tó ń rí sí kí àkóràn má ràn nínú ọsibítù, pé ìgbà wo ni wọ́n dánra wò gbẹ̀yìn, àti pé tí abẹ́rẹ́ bá gún òun, ta lòun máa pè lóru. Tí wọn ò bá ní ìdáhùn, kó lọ bá àwọn elétò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀, ìlànà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, wà, ọ̀fẹ́ ni. Èmi ò sí nínú wọ́ọ̀dù wọn o, àrùn kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń múra fún un, ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ níbẹ̀ ni kó tẹ̀ lé tó bá yàtọ̀ sí tèmi. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ta sí i lójú, kó fi omi fọ̀ ọ́, kó sọ lójú ẹsẹ̀, kó má lọ máa gbé agbo mu nílé, Lásà lè fara pamọ́ tó ọjọ́ 21.

Ẹ jọ̀ọ́, lálẹ́ òní tó bá dé, ẹ fún un ní ìbọ̀wọ́ méjì, ọ̀tún kan, òsì kan, kẹ́ ẹ da epo pupa sí i lọ́wọ́ ní kíṣìnnì. Kó fi ìka gbá ìta ìbọ̀wọ́ kan mú níbi ọrùn ọwọ́, kó yí i síta bọ́ ọ, kó ká a mọ́ ọwọ́ kejì, kó wá ti ìka tí ò wọ nǹkan bọ abẹ́ èkejì láti inú, kó yí òun náà bo ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ẹ dúró kẹ́ ẹ máa wò ó, kẹ́ ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Aṣọ àtijọ́ ni kó wọ̀ o, epo kì í kúrò lára funfun.