Ìda Ọkọ̀ Láti Inú Àjókù Àbẹ́là

Ìbéèrè: Mo yọ́ àjókù àbẹ́là àti ìda oyin pọ̀ mọ́ turpentine (omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà), mo fi pa ọkọ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, eruku sì bò ó. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ pa á nípọn jù, turpentine kò ráyè gbẹ. Ìda oyin 70 gíráàmù àti àbẹ́là 30 tó. Ẹ yọ́ ọ nínú agolo tó wà nínú omi gbígbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ paná pátápátá kí ẹ tó da turpentine mílílítà 250 sí i: oru rẹ̀ máa ń gbiná. Tó bá tutù, á rọ̀ bí òrí. Ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ ibòji. Tó bá ti funfun díẹ̀, ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún.