Mo sá eré jù nínú ọkọ̀ háyà ní London, mo sì ti padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé mo ṣì máa san ìtanràn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìtanràn náà ṣì wà lọ́rùn yín, torí ẹni tó wa ọkọ̀ ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mú fún eré àsápajúdé. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni ọlọ́pàá máa ń kọ́kọ́ kọ̀wé sí, láàárín ọjọ́ 14. Iléeṣẹ́ tó yá yín lọ́kọ̀ á wá fún wọn ní orúkọ àti àdírẹ́sì yín, lẹ́yìn náà ni ìwé tiyín á jáde. Nítorí náà, bí tiyín bá dé lẹ́yìn ọjọ́ 14, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di òfo.

Àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé àdéhùn ọkọ̀ ni lẹ́tà ń bá lọ. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n yín ní Peckham lẹ kọ síbẹ̀, ẹ tètè pè é kó wo lẹ́tà rẹ̀, torí ọjọ́ 28 péré lẹ ní láti dárúkọ awakọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn má fèsì, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £1,000. Ti eré gan-an sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti £100.

Owó tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ bá yọ nínú káàdì yín, owó iṣẹ́ ìwé ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kò pa ìtanràn rẹ́.