Káńfọ̀ Kì Í Lé Ejò: Ìdáhùn fún Ẹni tí Ilé Rẹ̀ Wà Láàárín Igbó

Ìbéèrè: Àárín igbó ni ilé wa wà, a kò sì ní aládùúgbò nítòsí. Ejò ti wọlé bá wa lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú ilé ìdáná, èkejì lábẹ́ àgbá omi. Eku ń sáré lórí àjà lóru, àdán sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti fọ́n káńfọ̀ yí ilé ká, mo sì ti da kẹrosíìnì sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n òórùn wọn kì í pẹ́ lọ. Èwo ni kí n máa lò tí yóò pẹ́ nílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má lo ọ̀kankan nínú wọn. Irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi léraléra, àwọn tí ń kọ ọ́ sì ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òórùn ń lé ejò, tí ó fi jẹ́ pé èyí tí yóò pẹ́ jù lọ nìkan ni wọ́n ń wá. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà. Káńfọ̀ kì í lé ejò, bẹ́ẹ̀ ni kẹrosíìnì, imí ọjọ́ àti aáyù kì í lé e, àwọn oògùn inú ike tí wọ́n ya àwòrán ejò sí lára kò sì sàn jù wọ́n lọ.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Lóòótọ́ ni ejò ń gbóòórùn dáadáa: ahọ́n tí ó ń yọ síta tí ó sì ń fà wọlé ń kó òórùn láti inú afẹ́fẹ́ àti láti orí ilẹ̀ lọ sí ihò kékeré méjì tí ó wà lókè ẹnu rẹ̀ nínú, ibẹ̀ ni ó sì ti ń mọ̀ bóyá eku ni ó kọjá tàbí ejò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn wá rò pé ohun tí ó bá ń ta àwa nímú yóò ta òun náà nímú, yóò sì sá. Àwọn onímọ̀ ti dán káńfọ̀ àti imí ọjọ́ wò níbi tí wọ́n ti lè ṣọ́ ejò, ejò sì ń wọ́ kọjá. Ohun tí ó ń mú kí ó dà bí ẹni pé oògùn náà jẹ́ ni pé ejò kì í wọlé lójoojúmọ́. Ẹni tí ó rí ejò lónìí tí ó sì fọ́n káńfọ̀ lọ́la lè má rí òmíràn fún oṣù púpọ̀, ìbáà fọ́n ọn, ìbáà má fọ́n ọn, káńfọ̀ ni yóò sì gba ìyìn.

Bí ó bá jẹ́ pé owó nìkan ni ó ń ṣòfò, n kì bá tí bínú. Ṣùgbọ́n májèlé ni naphthalene tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀lù funfun wọ̀nyí. Ó máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, pàápàá lára ọmọ ọwọ́ àti lára àwọn tí a bí pẹ̀lú àìtó èròjà tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, ọmọdé tí ó bá sì rí i nílẹ̀ yóò rò pé súìtì ni. Ní ti kẹrosíìnì, ó ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, ẹ̀yin tí ewé gbígbẹ yí ilé yín ká ni ó sì yẹ kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀ jù.

Ẹran nìkan ni ejò ń jẹ. Bí ó bá wọlé, eku, ọ̀pọ̀lọ́ tàbí alángbá ni ó sábà máa ń lé bọ̀, tàbí kí ó máa wá ibi tútù tí yóò fi ara pamọ́ sí. Ẹ wo ibi méjèèjì tí ẹ ti rí i: ilé ìdáná tí eku ti ń jẹun, àti abẹ́ àgbá tí ọ̀pọ̀lọ́ ń sá sí nítorí omi. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹ fi mẹ́nu ba eku ni ọ̀rọ̀ náà gan-an wà. Ẹ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ìdí ògiri, etí páìpù tí ó wọ ilé, àti ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri. Ojú ọ̀nà tí eku ń gbà déédéé máa ń dúdú, ó sì máa ń dán, nítorí ọ̀rá àti ìdọ̀tí ara wọn. Ihò tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 6 tó fún ẹlírí, èyí tí ó tó mìlímítà 12 sì tó fún èkúté. Sìmẹ́ǹtì tàbí nẹ́ẹ̀tì onírin ni kí ẹ fi dí wọn, nítorí eku yóò jẹ àkísà àti fóòmù láàárín òru kan. Ejò kò lè jẹ pákó, kò sì lè lu ògiri. Ihò tí ẹlòmíràn ti lu ni ó ń gbà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ kan rọ́bà mọ́ ọn. Ẹ kó oúnjẹ ènìyàn àti ti ẹran ọ̀sìn sínú agolo olómorí, ẹ gbé igi ìdáná kúrò lára ògiri, ẹ sì gé koríko tí ó yí ilé ká. Pàkúté ni kí ẹ fi mú àwọn eku tí ó kù, torí eku tí ó jẹ májèlé lè kú sórí àjà níbi tí ọwọ́ kò ti lè tó o, ológbò tàbí òwìwí tí ó bá sì jẹ ẹ́ lè bá a kú.

N kò rí ilé yín, n kò sì mọ irú ejò tí ẹ rí, nítorí náà ẹ ka gbogbo ejò sí olóró. Bí ọ̀kan bá tún wọlé, ẹ kó àwọn ọmọ àti ajá jáde, ẹ máa wò ó láti òkèèrè, kí ẹ sì pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ má gbé igi. Ibi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti pa á ni ó ti ń bu ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, orí tí a ti gé kúrò pàápàá ṣì lè buni jẹ. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má sín ojú ibẹ̀ ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ má jẹ́ kí ó máa mi apá tàbí ẹsẹ̀ náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní oògùn tí ń pa oró ejò. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ènìyàn 81,000 sí 138,000 ni ejò ń pa lọ́dọọdún, pípẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà sì wà lára ohun tí ń pa wọ́n.

Ní ti àdán, ẹ má dí ihò wọn nígbà tí àwọn ọmọ wọn kò tíì lè fò, nítorí inú àjà ni wọn yóò kú sí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá òfin ń dáàbò bò wọ́n níbi tí ẹ wà. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú wọn. Bí àdán bá bu ènìyàn jẹ tàbí tí ó ha á lára, bí ó ti wù kí ojú ibẹ̀ kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́jọ́ náà gan-an.