Báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe di RUNES? Ìbéèrè kan lórí cryptic crossword

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì ni mí, ìlú Leeds ni mò ń gbé. Bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan wà lára àwọn tí mo máa ń lọ tọ́jú nílé, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í jókòó ti crossword, eré fífi lẹ́tà kún àpótí, inú ìwé ìròyìn rẹ̀. Mo mọ crossword tó rọrùn, èyí tí wọ́n á béèrè olú-ìlú Faransé, tí a ó sì kọ Paris. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀kan fún mi: "Ancient letters confused nurse (5)." Mo kọ Greek. Ó mi orí, ó ní RUNES ni. Mo wo ìdáhùn yẹn títí, mi ò mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àbí ọgbọ́n kan wà níbẹ̀? Ó wù mí kí n kọ tèmi padà fún un.

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ńṣe ni Bàbá pọ́n yín lé. Kíkọ irú olobó báyìí ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ bó ṣe ń gba àkókò tó. Ẹni tó jókòó tó fi orúkọ iṣẹ́ yín hun olobó tó mọ́ báyìí ti rò yín dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó jókòó lásán.

Nínú cryptic, ìyẹn crossword ẹlẹ́tàn bíi ti Bàbá, ẹrù méjì ni olobó kọ̀ọ̀kan ń gbé. Èkíní ni ìtumọ̀ ìdáhùn, bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe lè sọ ọ́. Èkejì ni eré lẹ́tà, ìyẹn ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà to lẹ́tà ìdáhùn kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí ni ìtumọ̀ máa ń wà, kì í sí láàárín. Ẹni tó kọ ọ́ á wá so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè dún bí ìtàn kan, ìtàn yẹn sì ni ẹ̀tàn. Tí ẹ bá ka ti Bàbá bí ìtàn, ẹ ó rí nọ́ọ̀sì kan tí lẹ́tà àtijọ́ dojú rú mọ́ lọ́wọ́. Ẹ gé e sí méjì: "Ancient letters" lápá kan, "confused nurse" lápá kejì. RUNES ni àwọn lẹ́tà tí àwọn ará àríwá Yúróòpù máa ń gbẹ́ sára òkúta àti igi láyé àtijọ́. "Confused" sì ń pàṣẹ fún yín pé kí ẹ da lẹ́tà inú "nurse" rú. N, U, R, S, E, ẹ tún wọn tò, RUNES ló jáde. Iye lẹ́tà ìdáhùn ni 5 tó wà ní ìparí.

Ẹ wá wo Greek tí ẹ kọ. Lẹ́tà márùn-ún ni, ó sì fara jọ "Ancient letters." Ṣùgbọ́n kí ni "confused nurse" ń ṣe níbẹ̀? Kò ríṣẹ́ ṣe. Òfin tí mo máa ń tẹ̀ mọ́ gbogbo ẹni tí mò ń kọ́ létí nìyẹn: ẹ má fi bírò kọ ohunkóhun títí ẹ ó fi lè sọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Àlọ́ àpamọ̀ tí a fi dàgbà lè ṣi wá lọ́nà níbí. "Awẹ́ obì kan à-jẹ-d'Ọ́yọ̀ọ́," ahọ́n ni. Àwòrán ni àlọ́ fi ń bá wa sọ̀rọ̀, apàlọ́ nìkan ló sì lè sọ pé a gbà á. Cryptic kò nílò apàlọ́. Tí ìtumọ̀ àti eré lẹ́tà bá ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀yin fúnra yín ti mọ̀ pé ẹ débẹ̀. Nítorí náà, ẹ má lépa àwòrán inú ìtàn náà, lẹ́tà ni kí ẹ máa wò. Kọ́mà àti lẹ́tà ńlá pàápàá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà yín láàmú.

Arthur Wynne, ọmọ Liverpool, ló gbé crossword àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní 21 December 1913, ìtumọ̀ lásán ló sì wà nínú tirẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀tàn ti wọ̀ ọ́. Edward Powys Mathers bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Observer ní 1926, ó sì ń fi orúkọ Torquemada bo ara rẹ̀. D. S. Macnutt, tó gba ipò náà ní 1939 lórúkọ Ximenes, ló fún iṣẹ́ yìí ní ìlànà tó le: ìtumọ̀ tó péye, eré lẹ́tà tí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kí ohun mìíràn má sì sí níbẹ̀. Àwọn kan ṣì ń bá ìlànà yẹn jà títí di òní. Ní tèmi, òun ló jẹ́ kí àlejò lè rí ọ̀nà wọlé.

"Confused" nìkan kọ́ ló ń sọ pé kí ẹ da lẹ́tà rú. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ní ìdàrú, ìfọ́, ìmutípara tàbí wèrè nínú, bíi "broken," "drunk," "wild," ẹ fura sí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìdáhùn wà ní gbangba. "Capital seen in photos, locally (4)." "Seen in" ní kí ẹ wo inú "photos, locally," ibẹ̀ ni OSLO, olú-ìlú Norway, sùn sí, láti ìparí ọ̀rọ̀ kan dé ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ máa wá, nítorí lẹ́tà rẹ̀ wà níwájú yín ní títò.

Wọ́n tún lè lẹ ọ̀rọ̀ kékeré méjì pọ̀. "Vehicle with favourite floor covering (6)": CAR ni vehicle, PET ni favourite, ó di CARPET. Wọ́n lè yí ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. "Anxious, sending back puddings (8)": puddings ni DESSERTS, ẹ kà á láti ẹ̀yìn, STRESSED. Wọ́n sì lè ki ọ̀kan bọ inú òmíràn. "Begin with sailor in street (5)": TAR ni wọ́n ń pe awakọ̀ òkun láyé ọjọ́un, ST ni ìgékúrú street, ẹ ki TAR sáàárín S àti T, START. Irú ìgékúrú yìí pọ̀, ó sì yẹ kí ẹ há wọn sórí. Iṣẹ́ yín á ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, torí "doctor" lè jẹ́ DR, MO tàbí GP. Eré cricket nìkan ló máa ń fìyà jẹ àwọn ènìyàn wa: "duck" lè jẹ́ O, torí duck ni wọ́n ń pe òdo tí ẹni tó jáde láìní àmì ayò kankan gbà.

Ẹ ṣọ́ra fún olobó tó bá ní "we hear," ohùn ni wọ́n fi ń ṣeré. "Fruit for couple, we hear (4)" ni PEAR, torí ó dún bíi pair. Ọ̀pọ̀ wa ni ship àti sheep jọ ń dún bákan náà lẹ́nu wa, àti cot àti caught. Ẹni tó kọ olobó kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Tí ohùn bá ṣe yín ní iyèméjì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè Chambers, òun ni ọ̀pọ̀ àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń lò.

Ó ku èyí tí ẹ fẹ́ kọ padà. Ẹ kọ́kọ́ mú ìdáhùn, kí ẹ tó wá ìtàn. Ká ní LAGOS ni. Mo gé e sí LA àti GOS, mo wá ọ̀rọ̀ tó parí sí LA, mo rí villa. Mo wá èyí tó fi GOS bẹ̀rẹ̀, mo rí gossip. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ rìn dáadáa, ó di: "Some villa gossip in Nigerian city (5)." "Some" ń sọ pé díẹ̀ lára "villa gossip" la fẹ́. Abuja, Enugu àti Benin náà ní lẹ́tà márùn-ún, nítorí náà ìtumọ̀ nìkan kò lè gba Bàbá là. Tó bá dárúkọ Lagos, ẹ ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.